Ẹ Fọ́ Ọ Kí Ẹ Tó Dárúkọ Ẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Àlùmọ́ọ́nì Inú Gíránáìtì Mọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ gbé gíránáìtì kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, kí ẹ ní kó dárúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ kò ju èyí lọ: "Funfun yìí ni quartz, dúdú yìí ni mica, èyí tó ń kọ mànà yìí, àfi bí wúrà." Ó lè má gba ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Funfun yẹn, feldspar ni lọ́pọ̀ ìgbà. Quartz gan-an ló máa ń ní àwọ̀ eérú. Dúdú yẹn ju oríṣi kan lọ. Wúrà kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná.

Àwọ̀ ló ń tàn wọ́n jẹ. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, bí òkúta ṣe ń ya la máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà bó ṣe le tó, ká tó wá bi àwọ̀ léèrè. Hóró ni mo máa pe ẹyọ àlùmọ́ọ́nì kọ̀ọ̀kan tí ojú lè rí lára òkúta.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀

- Òòlù tó wúwo, jígí tí a fi ń dáàbò bo ojú, ìbomú, àti omi nínú ike
- Ìṣó gígùn kan àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan
- Fáìlì tí àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá. Èyí tí eyín ẹ̀ ò tíì kú
- Àfọ́kù gíláàsì fèrèsé tó tẹ́ pẹrẹsẹ
- Òòfà, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́ ti tó
- Táìlì kan. Ẹ̀yìn ẹ̀ tí kò dán la fẹ́ lò
- Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, àti tọ́ọ̀ṣì
- Rúlà, bírò, ọ̀rá tó mọ́ gaara, àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan

Bí owó bá máa wọ̀ ọ́n rárá, awò ni kẹ́ ẹ ná an lé. Ìyókù, ẹ lè yá a.

Ìpele 1: Ẹ wá òkúta tó tọ́

Kì í ṣe ibi gbogbo ní ilẹ̀ wa ni òkúta líle ti yọrí síta. Lápá àríwá, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ máa bá àpáta láàárín oko. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun (limestone) ti bò ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí dé etí ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Gíránáìtì tí típà já sílẹ̀ fún kọnkéré, inú àpáta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde, ojú ẹ̀ ṣì mọ́. Ẹ kí àwọn oníṣẹ́ dáadáa, ẹ tọrọ díẹ̀, kí ẹ sì ṣa èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde ò ní láti wọkọ̀ lọ síbì kankan.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta láìgbàṣẹ, dínámáìtì ni wọ́n ń lò. Ẹ má sì kan òòlù mọ́ ara Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ sí. Ẹ ò ní rí ohun tẹ́ ẹ ń wá, ohun àjogúnbá lẹ máa bà jẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìṣó ha òkúta yín. Bí ìṣó bá wọ̀ ọ́ kíákíá, tí ìyẹ̀fun funfun sì jáde, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ìyẹ̀fun yẹn. Bó bá ń hó wúyẹ́wúyẹ́, òkúta ẹfun lẹ gbé wálé. Gíránáìtì kì í hó.

Ìpele 2: Ẹ fọ́ ọ

Ara òkúta tí òjò àti oòrùn ti ń lù láti ọjọ́ pípẹ́ kì í sọ òótọ́. Feldspar inú ẹ̀ á ti máa di amọ̀ funfun, irú èyí tí a ń bù ní ẹfun. Mica dúdú á ti ṣí, á pọ́n, á máa ṣe bí idẹ. Irin inú ẹ̀ á ti dípẹtà, á sì pa gbogbo ojú òkúta láró. Quartz nìkan ni ojú ọjọ́ ò rí mú. Òun ló ń ṣẹ́ kù nígbà tí ìyókù bá ti jẹrà, òun ló sì pọ̀ jù nínú yanrìn tí à ń kó létí odò.

Ẹ rin òkúta náà gbingbin, ẹ fi àpò wé e, ẹ gbé e lé orí òkúta mìíràn, kí ẹ wá lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tagbáratagbára. Ẹni tó bá ń lù ú jẹ́jẹ́ léraléra, ìyẹ̀fun ló máa kó. Ẹ má yọ ìbomú o: eruku quartz tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, ọgbẹ́ ló ń dá síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mí gbígbóná sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, ó ti ń di amọ̀, ẹ tún un fọ́ wọnú sí i. Bí kò bá rùn, tí igun ẹ̀ sì mú, ó ti tó.

Ìpele 3: Ṣé gíránáìtì ni, àbí gneiss?

Níbí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà láìmọ̀. Gbogbo òkúta líle tí ẹ̀rọ bá fọ́ ni bíríkìlà ń pè ní gíránáìtì. Àmọ́ púpọ̀ nínú àpáta àyíká Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, gneiss ni. Àlùmọ́ọ́nì inú wọn jọra, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi tí wọ́n wà ló yàtọ̀. Gíránáìtì ti yọ́ rí nínú ilẹ̀ kó tó dì. Gneiss ò yọ́ bẹ́ẹ̀: ooru àti ìwúwo ohun tó wà lórí ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ títí tí hóró inú ẹ̀ fi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀.

Ẹ yí òkúta náà sí ojú mẹ́ta. Bí àwọn hóró bá fọ́n ká ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìní ìlà, gíránáìtì ni tàbí ìbátan ẹ̀. Bí ìlà bá hàn ní ojú méjì, tí ẹ̀kẹta wá ń díbọ́n, gneiss ni. Ẹni tó wo ojú kan ṣoṣo ni òkúta ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé rúlà lé e. Hóró tó ju mílímítà 5 lọ ni à ń pè ní hóró ńlá. Láti 1 sí 5, àárín ni. Ohun tó ń sọ hóró di ńlá ni pé òkúta yíyọ́ náà, ìyẹn magma, ò rí ọ̀nà jáde. Ó dúró ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sábẹ́ ilẹ̀, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, hóró sì ráyè dàgbà. Magma tó bá tú jáde sórí ilẹ̀ máa ń dì kíákíá, ẹ ò ní fojú lásán rí hóró inú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ gneiss ló bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìpele 4 dé 7 á ṣiṣẹ́ fún un. Ìpele 8 àti 9 ni kò ní bá a mu.

Ìpele 4: Ẹ ya quartz kúrò lára feldspar

Ẹ má kánjú níbí. Ẹni tó bá gba èyí, ó ti gba ìdajì iṣẹ́, torí àwọn méjèèjì yìí ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú gíránáìtì.

Ẹ mú òkúta sínú oòrùn, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú yín. Tọ́ọ̀ṣì náà á ṣe é bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn hóró kan á tàn yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ojú wọn, bẹ́ ẹ bá sì yí i sí i, wọ́n á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Feldspar nìyẹn. Ó ní ọ̀nà méjì tó ti máa ń ya, ọ̀nà méjèèjì sì pàdé ní igun tó sún mọ́ dígírì 90. Ẹ fi awò wò ó, ẹ máa rí ojú pẹrẹsẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kéékèèké.

Quartz kì í tàn bẹ́ẹ̀. Sílíkọ́nì àti ọ́ksíjìn inú ẹ̀ di ara wọn mú gírígírí níhà gbogbo, kò síbi tó rọ̀ jùbì kan lọ tó lè gbà ya. Ibi tó bá fọ́ máa ń tẹ̀ kòtò, etí ẹ̀ á mú, ìdán ẹ̀ á sì jọ ti ohun tí a fi òróró pa lára. Àwọ̀ eérú tó ní yẹn, kì í ṣe pé ó dọ̀tí: ó mọ́ gaara débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, òjìji inú òkúta lẹ sì ń rí lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kà á mọ́ àwọn dúdú.

Ẹ wá fi líle ẹ̀ jẹ́rìí. Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù ni, "Ó ha gíláàsì, quartz ni." Rárá o! Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí a fi ń wọn bí àlùmọ́ọ́nì ṣe le tó láti 1 dé 10, gíláàsì wà ní nǹkan bí 5.5, feldspar ní 6, quartz ní 7. Àwọn méjèèjì ló ń ha gíláàsì. Fáìlì àdá ló ń yà wọ́n, torí irin ẹ̀ tó nǹkan bí 6.5: ó ń jẹ feldspar, quartz ló ń jẹ òun. Ẹ fi igun fáìlì ha hóró kan ṣoṣo lábẹ́ awò. Bí ìlà dúdú bá hàn, ẹ fi omi àti ìka nù ún. Bí ìlà náà bá nù kúrò, irin ló fi ara ẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta, òkúta ò fara pa. Bó bá kù síbẹ̀, tí èékánná sì ń kọ́ ọ, ó wọlé nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi bírò sàmì sí hóró márùn-ún tó ń tàn yẹ̀rì àti márùn-ún tí kì í tàn, kí ẹ wá fi fáìlì dán gbogbo wọn wò. Ó yẹ kí fáìlì wọ márùn-ún àkọ́kọ́, kó sì yọ̀ kúrò lórí márùn-ún kejì. Bí ọ̀kan bá yapa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hóró ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ ha.

Ìpele 5: Feldspar méjì ló wà níbẹ̀

Ọ̀kan ní pọtásíọ́mù nínú. Ìkejì, plagioclase, ní sódíọ́mù àti kálísíọ́mù. Èyí tó ní pọtásíọ́mù sábà máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè funfun pátápátá, nítorí náà àwọ̀ nìkan ò tó. Ẹ fi awò wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tọ́, tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ibi tó ti ya. Bẹ́ ẹ bá rí i, plagioclase ni. Bó bá wá jẹ́ pé ìdajì hóró ń tàn, tí ìdajì kejì kú, tí ààlà àárín wọn sì gún régé, ti pọtásíọ́mù ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Bẹ́ ẹ ò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kọ "feldspar" sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ó sàn ju kéèyàn méfò lọ.

Ìpele 6: Àwọn dúdú

Abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ tì í sábẹ́ etí hóró dúdú. Bó bá ṣí ní ìpele pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ìpele náà tẹ̀ tó sì tún nà padà, mica dúdú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní biotite. Líle ẹ̀ kò ju 3 lọ. Muscovite, mica tó mọ́ bíi ti gíláàsì, ń ṣe bákan náà.

Bí abẹ́rẹ́ ò bá ráyè wọlé, ó ku mẹ́ta:

- Hornblende. Ó gùn, ó dúdú tàbí ó ní àwọ̀ ewé tó ṣú, líle ẹ̀ wà láàárín 5 sí 6. Ọ̀nà méjì tó ti ń ya ò pàdé ní 90. Igun 56 àti 124 ni. Wíwo igun yìí lábẹ́ awò ló ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára pyroxene, àlùmọ́ọ́nì dúdú mìíràn tó jọ ọ́, tí tiẹ̀ sún mọ́ 90.
- Tourmaline. Dúdú kirikiri, ó le tó 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì ò lè jẹ ẹ́. Ìlà gbọọrọ-gbọọrọ wà lára ẹ̀ lóròó, orí ẹ̀ tó bá ṣẹ́ sì ní ìhà mẹ́ta tó rí róbótó díẹ̀. Inú pegmatite, òkúta tí hóró ẹ̀ tóbi gan-an, ló pọ̀ sí.
- Magnetite. Hóró wẹ́wẹ́ ni. Bó bá jáde lára òkúta, òòfà á gbé e, bẹ́ ẹ bá sì fà á lẹ́yìn táìlì, ìlà dúdú ló ń fi sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé òòfà ò gbé nǹkan kan, torí odidi òkúta ni wọ́n fi òòfà kàn. Ẹ gún òkúta díẹ̀ di ìyẹ̀fun lábẹ́ omi, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ wá fi ọ̀rá wé òòfà kẹ́ ẹ tó fi kàn án. Láìsí ọ̀rá, ẹ ò ní rí ìyẹ̀fun yẹn bọ́ kúrò lára òòfà mọ́ láéláé. Bí òkúta bá ṣòro gún, yanrìn dúdú tí òjò ńlá máa ń tò sétí gọ́tà náà dára fún ìdánrawò. Magnetite wà nínú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí ó wúwo ju quartz lọ, omi á gbé quartz lọ, á fi òun sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: hóró dúdú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí méjì lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. "Ó ń ṣí, ó sì rọ̀." "Kò ṣí, ó gùn, igun ẹ̀ kì í ṣe 90."

Ìpele 7: Èyí tó ń dán bíi wúrà

Lẹ́yìn ìdánwò abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ "wúrà" máa ń tú fó: mica tó ti jẹrà ni, ó ń ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ yọ hóró náà, ẹ gbé e sórí irin, kí ẹ rọra lù ú. Pyrite á rún wómúwómú, ìlà ẹ̀ lẹ́yìn táìlì á sì dúdú. Wúrà kì í rún, ṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà ẹ̀ á sì jẹ́ ti wúrà. Nínú omi náà, mica á léfòó tàbí kó máa fò káàkiri. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, ìsàlẹ̀ abọ́ ló máa dúró sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ronú ọjà, ẹ fetí sílẹ̀: òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 fi àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ bàbá ẹni kì í ṣe ìwé àṣẹ ìwakùsà.

Ìpele 8: Ẹ ka ẹni tó kọ́kọ́ dì

Magma kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Norman Bowen, ará Kánádà, ló to ìlànà yìí jọ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1922: bí magma ṣe ń tutù, àwọn àlùmọ́ọ́nì tó kún fún irin àti magnesium ló ń kọ́kọ́ dì, olivine, lẹ́yìn náà pyroxene, hornblende, ká tó kan biotite. Lákòókò kan náà, plagioclase ń dì lọ́tọ̀, kálísíọ́mù ló pọ̀ nínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, sódíọ́mù wá ń pọ̀ sí i. Feldspar onípọtásíọ́mù, muscovite àti quartz ló ń kẹ́yìn. Magma tó ń ṣàn ní bíi 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè ní olivine; ìyọ́kù, ìyẹn magma tó ṣẹ́ kù, tó ń di gíránáìtì máa ń dì tán ní nǹkan bí 650 sí 700.

Ẹ wá a lára òkúta yín. Hóró tó ní ìrísí tara ẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gún, ráyè dàgbà kí ìyókù tó dé. Hóró tó wà nínú ikùn òmíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú ẹni tó gbé e mì. Quartz kì í ní ìrísí kankan nínú gíránáìtì: ẹni tó pẹ́ dé òde ìnáwó ni, àlàfo tí àwọn tó ti jókòó bá fi sílẹ̀ ló ń há ara ẹ̀ sí.

Ẹ má rò pé èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ dé. Àwọn feldspar onípọtásíọ́mù ńláńlá tó gùn tó ìka inú gíránáìtì kan, ẹ fi awò wo inú wọn: ẹ lè bá biotite àti plagioclase kéékèèké níbẹ̀. Wọ́n tóbi, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣáájú wọn.

Omi tó wà nínú magma kì í fẹ́ wọ inú feldspar tàbí quartz, nítorí náà ó ń kó jọ sínú ìyọ́kù. Ìyọ́kù olómi yẹn á gba ojú ẹ̀là àpáta wọlé, á sì di pegmatite, tí hóró ẹ̀ lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 3 dáadáa, torí omi ń jẹ́ kí èròjà rìn fàlàlà lọ bá hóró tó ń dàgbà. Àwọn èròjà tí kò rí àyè nínú hóró ìṣáájú náà máa ń bá a lọ: lítíọ́mù, bọ́rọ́ọ̀nù, béríílíọ́mù. Ohun tó ń bí tourmaline àti beryl nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìjerò-Èkìtì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya àwòrán ibì kan lára òkúta, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kí ẹ fi nọ́ńbà sí hóró bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Bí nọ́ńbà yín bá fi quartz ṣe ìkíní, ẹ padà sí ìpele 4.

Ìpele 9: Ẹ kà á, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ fi bírò tó 100 àmì sórí ọ̀rá, 10 lóròó, 10 ní ìbú, kí àlàfo wọn dọ́gba. Ẹ tẹ́ ẹ sójú òkúta tó tẹ́jú, kí ẹ sì kọ hóró tó wà lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ká ní ẹ rí quartz 28, feldspar onípọtásíọ́mù 31, plagioclase 27, dúdú 14. Ẹ yọ dúdú kúrò, ó ku 86. Quartz 28 nínú 86 jẹ́ nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún.

Tí quartz bá wà láàárín ìdá 20 sí 60, tí plagioclase sì kó ìdá 10 sí 65 nínú gbogbo feldspar, gíránáìtì ni. Bí plagioclase bá kọjá 65 tí kò ju 90 lọ, granodiorite ni. Tí quartz ò bá tó ìdá 5, tí plagioclase sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo feldspar, diorite ni tàbí gabbro. Gabbro ló sábà máa ń ṣú jù, pyroxene ló sì ń pọ̀ nínú ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á tẹ́ ọ̀rá sójú tó wù wọ́n, níbi tí feldspar ńlá kan ti dùbúlẹ̀. Hóró kan yẹn lè gba àmì 15 lẹ́ẹ̀kan. Bí hóró bá tóbi ju àlàfo àárín àmì lọ, ẹ fẹ àlàfo náà, kí ẹ sì wá òkúta tó fẹ̀ sí i. Pegmatite ò ṣeé kà báyìí rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ọ̀rá lọ sí ojú mìíràn, kí ẹlòmíì tí kò rí ìwé yín kà á. Bí quartz yín àti tiẹ̀ bá fi ju 10 lọ yàtọ̀, ẹ jọ jókòó ti òkúta náà pẹ̀lú fáìlì àti awò, kí ẹ wo àwọn hóró eérú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn lẹ jọ ń jà lé lórí.